Búrò agbowó-gbèsè tí ọ̀gá mi àtijọ́ rán sí mi: ìràwọ̀ 1 nínú 5

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á láti Kétu, láti Ṣábẹ̀ títí dé Kútọnu. Ọ̀rọ̀ búrò kan tó ń bá àwọn pàtírọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn ọ̀gá iṣẹ́, gba gbèsè ni mo fẹ́ sọ, apá Ouando ní Àjàṣẹ́ níbí ni wọ́n wà, mi ò ní dárúkọ wọn torí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nílẹ̀. Ìràwọ̀ 1 ni mo fún wọn, ọ̀kan yẹn náà, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló ni ín, ẹ máa gbọ́ ìdí ẹ̀ tó bá yá.

Iṣẹ́ wọn rèé. Tí pàtírọ́ọ̀nù kan bá ní òṣìṣẹ́ tó ti kúrò lọ́dọ̀ òun jẹ òun lówó, bóyá avance, ìyẹn owó oṣù tó yá ṣáájú, tí kò tíì san tán, bóyá ọjà tó dín ní dépò tí wọ́n ń pè ní manquant, bóyá alùpùpù ilé-iṣẹ́ tí kò dá padà, á kó orúkọ ẹni náà àti nọ́mbà ẹ̀ fún wọn, àwọn ni wọ́n á máa pè é, àwọn ni wọ́n á máa kọ lẹ́tà sí i, ohun tí wọ́n bá rí gbà wọ́n á yọ tiwọn níbẹ̀ kí wọ́n tó kó ìyókù fún oní-nǹkan. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà pé ó ń béèrè owó ẹ̀ o. Ẹni tó yá owó kó san án, bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ohun tí mò ń bá wọn jà lé lórí ni pé wọn kì í wádìí bóyá gbèsè wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé fóònù, ẹni tó bá ti gbé dọ́síyè wá tó sì gbà láti fún wọn ní ìpín tiwọn, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti di òótọ́ lójú wọn nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè mọ́.

Èmi ṣiṣẹ́ ní dépò símẹ́ńtì àti irin kan níbí, èmi ni mò ń kọ ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde. 2019 ni mo kúrò, ìjà kankan ò sí, mo kọ̀wé pé mò ń lọ, mo ṣe préavis mi pé, ìyẹn àkókò tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣì fi ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tó bá ti ní òun ń lọ, a jókòó ṣírò gbogbo ẹ̀. Mo ti gba avance lọ́wọ́ ọ̀gá nígbà tí ara ọmọ mi ò yá, wọ́n ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù mi, èyí tó kù níbẹ̀ wọ́n yọ ọ́ nínú owó congé (owó ìsinmi) mi nígbà tí mò ń lọ, a kọ ọ́ sínú solde de tout compte, ìwé ìṣirò ìkẹyìn láàárín èmi àti ọ̀gá, ọ̀gá fọwọ́ sí i, èmi náà fọwọ́ sí i, wọ́n lu cachet (òǹtẹ̀) lé e, wọ́n fún mi ní certificat de travail, ìwé ẹ̀rí pé mo bá wọn ṣiṣẹ́. Ọ̀gá tiẹ̀ ṣàdúrà fún mi. Mo lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tèmi, mi ò tún ronú kan dépò yẹn mọ́.

Àfi bó ṣe di 2024 tí nọ́mbà tí mi ò mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Ọmọkùnrin kan tí mo lè bí ló wà lórí fóònù, ó kọ́kọ́ sọ Faransé, nígbà tó gbọ́ ohùn mi ó yí i sí Yorùbá, ó ní: “Ṣé ìwọ ni lágbájá? O jẹ gbèsè, o wá lọ sá pamọ́.” Ìwọ! Ẹni tó mọ̀ pé àgbàlagbà lòun ń bá sọ̀rọ̀, tó rí ọdún ìbí mi nínú ìwé tó wà níwájú ẹ̀. Mo bi í pé gbèsè kí ni, ó ní tí mo bá dé búrò máa mọ̀, àmọ́ kí n kọ́kọ́ fi owó ránṣẹ́ ná, ìlàjì tiẹ̀ tó, kí wọ́n lè mọ̀ pé mo ní ọkàn dídáa.

338.000 CFA ni wọ́n ní mo jẹ. Nígbà tí mo yarí pé kí wọ́n là á yé mi, wọ́n fi í sórí WhatsApp: 80.000 avance, 213.000 manquant, 45.000 frais de dossier, ìyẹn owó iṣẹ́ wọn lórí dọ́síyè. Ẹ jẹ́ ká wo owó yẹn dáadáa. SMIG tiwa ní Benin, owó oṣù tó kéré jù tí òfin gbà, láti oṣù kìn-ín-ní 2023, 52.000 ni lóṣù, 40.000 ló wà láti 2014 kí wọ́n tó fi kún un. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń gba SMIG, kó má jẹ, kó má mu, kó má san owó ilé fún oṣù mẹ́fà àti ààbọ̀ kó tó lè san ohun tí wọ́n fẹnu lásán béèrè yẹn. Ti 45.000 frais de dossier ló wá ká mi lára ju gbogbo ẹ̀ lọ. Òfin OHADA, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ní òfin òwò kan náà, tó dá lórí gbígba gbèsè, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Libreville ní 1998 tí wọ́n sì tún un ṣe ní 2023, sọ ọ́ kedere pé owó tí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè bá ná láti fi lé gbèsè ẹ̀ láìsí ìwé àṣẹ ilé-ẹjọ́, ọrùn tiẹ̀ ló wà, kò sí lọ́rùn onígbèsè, àyàfi tó bá jẹ́ ìgbésẹ̀ tí òfin fúnra ẹ̀ ní dandan ni kó gbé. Kí wọ́n pè mí lórí fóònù, ṣé òfin ló ní dandan ni? Pàtírọ́ọ̀nù tó gbà wọ́n síṣẹ́ ni kó sanwó iṣẹ́ fún wọn.

Nọ́mbà MoMo, owó orí fóònù, tí wọ́n ní kí n fowó sí náà tún wá wà níbẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́, kí n lè rí orúkọ tó máa jáde, orúkọ ènìyàn kan ṣáá ló jáde, kì í ṣe orúkọ búrò, kì í ṣe orúkọ dépò. Tí mo bá fowó síbẹ̀, tí wọ́n ní àwọn ò rí i ńkọ́, ta ni mo fẹ́ mú? Ẹ̀yin tí wọ́n ń pè báyìí, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wo orúkọ tó máa jáde, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò ojú fóònù yẹn pamọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dun mí wọra ni ti ẹbí. Nígbà tí mo ní mi ò ní san nǹkan kan láì rí ìwé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ènìyàn mi. Wọ́n pe bàbá mi kékeré ní Kétu, àgbàlagbà tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́, wọ́n ń pariwo mọ́ wọn létí pé ọmọ wọn jalè níbi iṣẹ́. Wọ́n pe ìyá ìyàwó mi. Màmá ò sọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn gun zém (ọ̀kadà) wá sílé wa ní ọ̀sán gangan, wọ́n tú ẹ̀gbẹ́ ìró wọn, wọ́n kó owó tí wọ́n kó ní tọ́ńtìnì jáde, owó ẹlẹ́gbẹ̀rún-ẹlẹ́gbẹ̀rún tí wọ́n ti ká sínú ìborí, wọ́n ní kí n gbà á kí n fi bo àṣírí ara mi. Ìyàwó mi sunkún lọ́jọ́ yẹn. Mo ní, “Màmá, ẹ ṣé o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó owó yín, mi ò jẹ ẹnikẹ́ni.” Wọ́n wò mí lójú títí, mo rí i pé wọ́n fẹ́ gbà mí gbọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí búrò yẹn ti sọ fún wọn ti wọ̀ wọ́n lára. Ta ló máa bá mi yọ ọ́ kúrò?

Ibo ni wọ́n ti rí nọ́mbà ìyá ìyàwó mi? Inú fíìṣì, ìwé tí mo kọ ọ̀rọ̀ ara mi sí nígbà tí mo wọṣẹ́ ni, níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tí wọ́n lè pè tí jàǹbá bá ṣe mi níbi iṣẹ́. Torí jàǹbá ni mo ṣe kọ ọ́. Nọ́mbà tí ènìyàn fún wọn fún ìdí kan, wọn ò gbọ́dọ̀ gbé e lọ fi ṣe nǹkan míì, ó wà nínú Code du numérique wa, òfin 2017-20 tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kẹrin 2018, APDP, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni, tó wà ní Kútọnu ni wọ́n sì yàn láti máa bójú tó o. Mo ti kọ̀wé sí wọn. Ọ̀pọ̀ wa rò pé APDP wà fún ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì àti Facebook nìkan, rárá o, fíìṣì orí bébà tí ọ̀gá fi pamọ́ sínú dọ́síyè náà wà níbẹ̀.

Láyé àwọn bàbá wa, tí ẹnì kan bá fẹ́ gba gbèsè tagídítagídí, á rán ológò lọ dógò ti onígbèsè, ológò á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa pariwo, á máa ki adìyẹ ilé mọ́lẹ̀. Kò dáa, àmọ́ ojú lojú ń rí, gbogbo àdúgbò mọ ẹni tó rán an, wọ́n mọ iye tó wá gbà, àwọn àgbà sì lè pè é jókòó kí wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀. Àwọn tòde òní yìí ò jẹ́ kẹ́ ẹ rí ojú wọn, wọ́n á dógò ti ẹbí yín ní Kétu àti àna yín ní Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, kò sí àgbà tó lè pè wọ́n jókòó.

Mo lọ bá wọn ní búrò. Ibẹ̀ mọ́ o, kí n sọ òótọ́, ẹ̀rọ atẹ́gùn ń ṣiṣẹ́, àga wà. Obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà kí mi dáadáa, ó pè mí ní bàbá, ó fún mi lómi, nígbà tó gbọ́ ohun tí mo bá wá ó rọra sọ fún mi pé kí n béèrè dọ́síyè mi, kí n má ṣe kúrò láì rí i, kí n sì má fọwọ́ sí nǹkan kan. Òun ló ni ìràwọ̀ 1 yẹn, Ọlọ́run á bù kún un. Ọmọkùnrin tó ń pè mí wà nínú, kò gbójú sókè, ó ti ìwé kan sí mi, ó ní kí n fọwọ́ sí i pé mo gbà pé mo jẹ gbèsè, wọ́n á wá pín in sí oṣù-oṣù fún mi. Ibi tó léwu jù nìyẹn, torí kó tó di pé ẹ fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni wọ́n ní, tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ẹ ti fọwọ́ ara yín fún wọn ní ẹ̀rí tí wọn ò ní. Mo ní dọ́síyè ni mo fẹ́ rí. Ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Nígbà tó gbé e dé, ewé ìwé díẹ̀ ló wà nínú ẹ̀: fíìṣì mi àtijọ́, ìwé avance tí mo fọwọ́ sí, àti inventaire kan, ìwé ìkàyé ọjà, tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tẹ̀, tó to símẹ́ńtì àti irin tó dín. Solde de tout compte mi tó fi hàn pé avance ti tán kò sí níbẹ̀. Mo wá wo déètì inventaire yẹn. Oṣù kọkànlá 2019 ni. Oṣù kẹjọ ni certificat de travail mi ní mo kúrò. Ẹlòmíì ló sì fọwọ́ sí i, gẹ́gẹ́ bíi gestionnaire (alábòójútó), orúkọ tí mi ò gbọ́ rí.

Mo fi ìka tẹ déètì náà, mo gbé certificat mi sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lórí tábìlì, mo ní kó kà á. Ó kà á. Ó ní ìyẹn kọ́ niṣẹ́ tiwọn, ohun tí oníbàárà àwọn bá gbé wá làwọn ń bá ṣiṣẹ́, tí mo bá ní ẹjọ́ kí n lọ bá ọ̀gá mi, àmọ́ kí n má gbàgbé pé wọ́n lè mú mi lọ sí kọmísáríà, ìyẹn àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ kí n kọ èyí sílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sanwó nítorí ẹ̀rù kọmísáríà yẹn nìkan. Ẹ gbọ́ o. Benin ti wọ inú àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ará ìlú àti ẹ̀tọ́ òṣèlú láti 1992, abala 11 rẹ̀ sì sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ ti ènìyàn mọ́lé kìkì nítorí pé kò lágbára láti ṣe ohun tó wà nínú àdéhùn tó bá ẹlòmíì ṣe. Tí wọ́n bá ní ẹ jí nǹkan, ọ̀tọ̀ nìyẹn, kí wọ́n lọ fẹjọ́ sùn kí wọ́n mú ẹ̀rí wá. Láti wá gba nǹkan nínú ilé yín tàbí láti di owó yín mú, huissier, òṣìṣẹ́ òfin tó ń mú àṣẹ ilé-ẹjọ́ ṣẹ, ló lè ṣe é, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ tí òfin mọ̀ lọ́wọ́. Owó oṣù yín níbi iṣẹ́ tuntun pàápàá, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe ẹ̀yin àti ẹni tó ní ẹ jẹ òun síwájú ilé-ẹjọ́ láti gbìyànjú ìlàjà ná. Lẹ́tà tí búrò yẹn kọ sí mi ní cachet pupa ràgàjì, wọ́n kọ DERNIER AVERTISSEMENT (ìkìlọ̀ ìkẹyìn) gàdàgbà sí i, kò sí orúkọ huissier kankan lára ẹ̀, kò sí nọ́mbà ẹjọ́, kò sí orúkọ tribunal (ilé-ẹjọ́). Àwọ̀ pupa ni gbogbo agbára ẹ̀.

Ibi tí mo ti rí ìrànlọ́wọ́ ni Inspection du travail, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́, níbí ní Àjàṣẹ́, àwọn ni mo fún ní ìràwọ̀ 4, èyí tó kù ni ti ìdúró pípẹ́ lórí bẹ́ńṣì. Mo rò pé wọ́n máa ní mo ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tipẹ́, ọ̀rọ̀ mi ò kàn wọ́n mọ́. Ìyáàfin tó gbà mí ní rárá, gbèsè tí wọ́n bá ní ó ti inú iṣẹ́ wá, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Code du travail wa, ìwé òfin iṣẹ́, òfin 98-004 ti oṣù kìn-ín-ní 1998, ní aáwọ̀ tó bá wà láàárín òṣìṣẹ́ kan àti ọ̀gá ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé iwájú Inspecteur kó gbìyànjú láti parí ẹ̀ kó tó lè dé tribunal, pàtírọ́ọ̀nù náà sì wà lábẹ́ òfin yẹn bí òṣìṣẹ́ ṣe wà. Ọ̀gá mi fo ìgbésẹ̀ yìí, ó lọ gba búrò. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Wọ́n kọ convocation (ìwé ìpè) sí dépò.

Ọ̀gá fúnra ẹ̀ ò wá, kọ̀ntábù ẹ̀, ẹni tó ń ṣírò owó fún un, ló rán, ọmọ dáadáa kan tí mi ò bá ṣiṣẹ́ pọ̀ rí. Ìyáàfin Inspecteur to ìwé sí orí tábìlì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: solde de tout compte, certificat, inventaire. Kọ̀ntábù wo inventaire, ó wo certificat, ó bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Ó ní àwọn tó wà níbẹ̀ ṣáájú òun ló to orúkọ àwọn tó jẹ dépò lówó, òun kàn bá a nínú kọ̀ǹpútà ni, wọ́n sì kó gbogbo ẹ̀ fún búrò pọ̀. Ẹ rò ó wò, gbogbo ẹ̀ pọ̀! Ta ni ìyókù tí orúkọ wọn wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn? Mélòó nínú wọn ló ti tú tọ́ńtìnì ìyá wọn san? Mo bi í, kò dá mi lóhùn. Wọ́n kọ PV, ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé yẹn, pé dépò ò ní gbèsè kankan lọ́rùn mi, a fọwọ́ sí i, èmi gba ẹ̀dà tèmi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní Amẹ́ríkà gbọ́ ọ, ó ní irú ẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ilé-iṣẹ́ á ní àwọn san owó oṣù jù fún ẹni tó ti lọ, tàbí pé kó dá owó tí wọ́n fi kọ́ ọ níṣẹ́ padà, wọ́n á kó o fún agbowó-gbèsè. Àmọ́ wọ́n ní òfin kan láti 1977 tó ní agbowó-gbèsè ò gbọ́dọ̀ pe ènìyàn kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù tàbí lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́, wọn ò sì gbọ́dọ̀ lọ máa sọ ọ̀rọ̀ gbèsè yẹn fún ẹbí àti ará. Ẹni tí wọ́n bá kọ̀wé sí ní 30 ọjọ́ láti kọ̀wé padà pé kò dá òun lójú, wọ́n gbọ́dọ̀ dúró títí wọ́n á fi fi ẹ̀rí ránṣẹ́. Mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin wa kọ irú ẹ̀ sílẹ̀ fún wa, kí wọ́n kọ wákàtí sí i, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹbí sí i, ní kedere.

Sí ẹ̀yin pàtírọ́ọ̀nù tẹ́ ẹ ń rò ó pé kẹ́ ẹ gba búrò yìí: ẹ má gbà wọ́n. Wọn ò bá yín wádìí nǹkan kan, orúkọ yín ni wọ́n ń fi bú àwọn ènìyàn, èmi tí mo máa ń júwe dépò yẹn fún gbogbo ẹni tó ń kọ́lé, mi ò júwe wọn mọ́. Tí òṣìṣẹ́ yín bá jẹ yín lówó lóòótọ́, ẹ fúnra yín pè é, ẹ bá a sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, tí kò bá gbọ́, Inspection wà níbẹ̀.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, búrò ti dẹ́kun ìpè, ó kù kí wọ́n kọ lẹ́tà tó sọ pé wọ́n ti pa dọ́síyè mi dé àti pé wọ́n ti pa nọ́mbà ẹbí mi rẹ́. Mo ní kí wọ́n kọ lẹ́tà kan lọ́tọ̀ sí ìyá ìyàwó mi àti sí bàbá mi kékeré ní Kétu, kí wọ́n sọ níbẹ̀ pé irọ́ ni ohun tí wọ́n pè wọ́n sọ. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe irú ẹ̀. Mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí tèmi, mi ò sì ní yé béèrè. Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí, ìwé tí mo kọ sí búrò láti béèrè dọ́síyè wà lọ́wọ́ mi, Faransé ni, ojú ìwé kan péré, ẹ béèrè lọ́wọ́ mi, màá fi ránṣẹ́, ẹ kàn yí orúkọ àti déètì padà, kẹ́ ẹ sì rí i pé wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín pé àwọn gbà á.